Iyọ̀ Ọbẹ̀ Màmá

Ayọ̀miídé,

Tó o bá jí, má bínú. Mo ti parọ́ mọ́ ẹ.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń tẹ èyí sí ẹ; èmi àti Màmá ń lọ síbi kímò wọn, ìtọ́jú jẹjẹrẹ yẹn. Kí á tó jáde, wọ́n ti búrẹ́dì bọ ọbẹ̀ àná, ni wọ́n bá tu ú dànù. "Ta ló da iyọ̀ sọ́bẹ̀ báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí iyọ̀ pa mí kí jẹjẹrẹ tó ráyè ni?"

Ọbẹ̀ tí àwọn fúnra wọn sè o! Irú ọbẹ̀ tí èmi àtìwọ ń fi omi tì wọ ọ̀fun, tí à ń pariwo "Màmá, ó dùn," látìgbà tí oògùn yẹn ò ti jẹ́ kí ẹnu wọn mọ adùn mọ́. Àárọ̀ yìí ni ẹnu wọn tún mọ iyọ̀! Mi ò lè sọ fún wọn pé àwọn ló sè é. Mo ní ìwọ lo fi iyọ̀ kún un nígbà tó ò ń gbé e kaná lálẹ́. Wọ́n bú ẹ dé ẹnu géètì. Ẹ̀rín ń pa mí, omi ń bọ́ lójú mi.

O mọ̀ pé jẹjẹrẹ yẹn ti tàn káàkiri ara wọn. Abẹ́rẹ́ òní náà tún lè gba adùn lẹ́nu wọn lọ́la. Torí náà, dìde! Lọ sí ọjà Ojúwọyè, ra ẹja tútù àti ata, kó o se ọbẹ̀ tuntun kí á tó dé. Iyọ̀ díẹ̀ ni o!

Tí wọ́n bá ní kò dùn, má jiyàn. Dọ̀bálẹ̀, jẹ́ kí wọ́n bú ẹ dáadáa. Àárò èébú wọn ti ń sọ mí.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Motọ́lání