Ewúrẹ́ Tó Tẹ̀lé Mi Sọ̀kalẹ̀ Òkè

Kọlorádò, oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n mi Lorna,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti Emmett ọmọ yín. Orúnkún Mama ti ń san. Yìnyín fọ́ gíláàsì ọkọ̀ wa, a ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Èmi nìkan ni mo gun òkè ní Sátidé. Mo tètè dé ṣóńṣó, kí àrá ọ̀sán má baà ká mi mọ́bẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, mo ṣe ohun tí Dádì máa ń tìtorí ẹ̀ fa etí wa: mo tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ewúrẹ́ òkè kan àtọmọ rẹ̀ gbóòórùn iyọ̀ inú ìtọ̀ náà, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Mo ní, "Kúrò lẹ́yìn mi, àgbàyà."

Ó fi ìwo ya itan mi. Mo fi ọ̀pá lù ú, ọ̀pá ṣẹ́. Mo gbé òkúta, mo ń là á mọ́ ọn lórí títí ó fi yí sínú ọ̀gbun.

Ọmọ rẹ̀ ò sá. Ó dúró, ó ń lá ẹ̀jẹ̀ mi nílẹ̀.

Mo sọ fún Mama pé mo ṣubú lu òkúta ni. Ó wo ojú ọgbẹ́ náà, ó ní, "Òkúta wo ló ní ìwo, Orrin?"

Tí Emmett bá ń bọ̀, ẹ kìlọ̀ fún un kó rìn jìnnà sọ́nà kó tó tọ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ ilé yín. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ ewúrẹ́ yẹn. Kò tíì já lẹ́nu ọmú.

Àbúrò yín,
Orrin