Ara Le Tí Wọ́n Kọ fún Ìyá Mi

Ọjọ́rú, oṣù Èrèlé, ọdún 1988

Inú ṣì ń bí mi.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìlera àti iṣẹ́ ìdílé dé abúlé wa lónìí. Wọ́n ní ibi tí àìsàn bá pọ̀ sí ni ìjọba Àkúrẹ́ yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí. Ọ̀kan nínú wọn kí ìyá mi pé, “Ẹ kú ilé, mà. Ṣé ara le?”

“Ara le, ọmọ mi. A dúpẹ́.”

Ọkùnrin náà sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ìyá mi tí sòbìà, aràn inú omi odò wa, ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí kò lè dé oko kòkó láti ìgbà ọyẹ́! Ó ti fi ìró bo ẹsẹ̀ náà.

Mo ní, “Bọ̀dá, ìkíni lẹ kọ yẹn o. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn.”

“Ohun tí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ là ń kọ.”

Ọmọ Yorùbá ni òun náà! Ta ló ń dáhùn ìkíni pé ara òun kò le? Mo bu omi odò wa fún un, kò mu ún. Ìgò omi tirẹ̀ ló fà yọ nínú báàgì. Ṣé kò wá mọ̀ ni?

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi ìyá mi léèrè ìdí tí kò fi sọ òtítọ́.

“Ta ní í ka àìsàn fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà ulé? Olórí kunkun.”

Ìlú Erijiyan nítòsí wa ni àwọn olùwádìí náà sùn sí. Kí wọ́n tó jí lọ́la, n ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn. Bí wọn kò bá padà wá wo ẹsẹ̀ yẹn...

Ìyá mi pè mí báyìí. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ní ṣé àwọn àlejò yẹn jẹun kí wọ́n tó lọ.