Ẹ Má Yọ Ojú Àwọn Òǹwòran

Ogida, ní ìlú Bìní.

Olúwadámisí ọmọ mi, Àkànní,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé Èkó kì í lù ọ́ bí ó ti ń lu ọmọ ẹlòmíràn? Ọlọ́run tó jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde nílé wa, ẹsẹ̀ ara rẹ náà ni yóò jẹ́ kí o fi wọlé. Ibi tí o bá nawọ́ kan sí, méjèèjì ni yóò kún. Ẹni tó bá ní kí o má jẹun lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, ìdí abọ́ ni òun náà yóò máa wò. Ṣe àmín kí o tó ka èyí tó kù, nítorí n kò fẹ́ràn bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń fo àdúrà bí ẹni ń fo gọ́tà.

Àlàáfíà ni a wà, a dúpẹ́. Òjò ti ká páànù ẹ̀yìn ilé, ewúrẹ́ aládùúgbò sì ti sọ ibẹ̀ di ilé ara rẹ̀. Àbúrò rẹ Tèmidire ń lọ sí yunifásítì rẹ̀ déédéé, ó ń gbọ́ Yorùbá tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó bomi wá, á ní Daddy, I dey come, kò sì ní wá. Ẹ̀rọ ìlọta mi náà wà níbẹ̀, àmọ́ ata ti wọ́n ní ọjà Ekiosa débi pé àwọn obìnrin kì í lọ ata mọ́, ṣe ni wọ́n kàn ń fi í han ọbẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé pálọ̀ nìkan ni fóònù mi ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pálọ̀ náà sì ni ẹ̀rọ géèmù tí o fi ránṣẹ́ wà. N kò fẹ́ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Dráìfà kan ní ibùdókọ̀ Uselu ni n ó fi rán, ọmọ dáadáa ni, fún un lómi mu.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, tí o ní iléeṣẹ́ yín ló ṣe é, pé ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, kí a lò ó kí a sì sọ fún yín bóyá mẹ̀kúnnù lè rà á, inú mi dùn. O ní agbára rẹ̀ pọ̀, pé agbára náà ló ń gbé owó rẹ̀ lọ sókè. Agbára kò ṣàjèjì sí mi. Ẹ̀rọ ìlọta tó bá lágbára, bí o kò bá dè é, á rìn lọ sílé ẹlòmíràn. Mo fi okùn de tìrẹ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, mo gbọ̀n ọ́n wò bóyá epo wà ńbẹ̀, mo sì ní kí Tèmidire bọ́ síta kí n tó tẹ̀ ẹ́. Kò mì. Kò dún. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ẹ̀rọ tó wọ́n tó báyìí tí kì í pariwo, àfi tó bá jẹ́ pé ó ń ṣe nǹkan mìíràn níkọ̀kọ̀.

Bọ́ọ̀lù ni Tèmidire ń fi páàdì gbá níbẹ̀. Iṣẹ́ yín dára, ọmọ mi. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ní Uselu tí mo máa ń kọjá, àwọn òǹwòran inú ti ibẹ̀ dà bí páálí tí wọ́n tò sórí àga, wọn kò lójú, wọn kò nímú. Nínú tiyín, olúkúlùkù ló ní ojú tirẹ̀. Mo rí ẹni tó ń yún etí. Mo rí ìyá kan tó ń na ọmọ rẹ̀. Mo gbàgbé bọ́ọ̀lù pátápátá, àwọn èèyàn ni mò ń wò.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo rí màmá yín níbẹ̀.

Èyítọ́pẹ́ ìyàwó mi, ìyá tó bí ọ, tí a sin ní ọdún méjì sẹ́yìn, ló jókòó sí ìlà kẹta láàárín èrò. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ekiosa nígbà tí oníbàárà bá ń parọ́ fún un nípa iye tí wọ́n ń ta garawa níbòmíràn. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, gbogbo èrò dìde, wọ́n ń fò sókè, òun nìkan ni kò dìde. Kò tilẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Ìta ló ń wò, síhà ibi tí àga mi wà.

Mo fi í han Tèmidire. Ó wò ó títí, páàdì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ní Daddy, na graphics be that o, pé fọ́tò ẹbí yín ni ẹ̀yin tí ẹ ṣe ẹ̀rọ máa ń fi ṣe ojú àwọn èrò, pé Bọ̀dá Dámisí ló fi ti Mọ́mì síbẹ̀ kí ó má bàa gbàgbé wọn. Ó wù mí kí n gbà bẹ́ẹ̀. Bí o bá ṣe é, ohun tí ọmọ gidi ń ṣe ni o ṣe. Ṣùgbọ́n fọ́tò wo ni o lò? Kò sí fọ́tò màmá yín tí kò wé gèlè. Èyí tó jókòó nínú ẹ̀rọ kò wé gèlè, wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe gé e ní ọsibítù ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ní kí a má jẹ́ kí o wá láti Èkó, tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò. Èmi àti Tèmidire nìkan la rí orí yẹn. Tèmidire mọ̀ bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ náà ni kò ti dá jókòó sí pálọ̀ mọ́.

Mo lọ bá Bàbá Olúbọ̀dé, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní àdúgbò wa. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní ẹni tó bá kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, á di àkúdàáyà, á lọ máa gbé ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, á máa ṣòwò, á máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá rí i tó sì pe orúkọ rẹ̀, ọjọ́ náà ló máa dìde, wọn kò sì ní rí i mọ́. Ó ní ní ayé ìsinsìnyí, ìlú wo ni wọn kò ti mọ èèyàn mọ́? Gbogbo ibi ni fóònù dé. Ibo ni wọ́n tún fẹ́ sá sí bí kò ṣe inú géèmù? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí.

Nítorí náà n kì í pè é. Ìyẹn ló dùn mí jù, Àkànní. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí kí n má kí i, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìjà. Ní báyìí mo kàn ń jókòó, mo panu mọ́, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí iná bá sì lọ, tẹlifíṣàn á ṣú dùdù, á wá máa ṣe mí bíi pé òun náà wà nínú òkùnkùn láàárín àwọn tí kò mọ̀. Epo tó yẹ kí n fi lọ ata, inú jẹnẹrétọ̀ ni mò ń rọ ọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni o wá pe Tèmidire pé ọ̀gá yín ní owó ẹ̀rọ náà ti pọ̀ jù, pé ẹni tó bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ á kúkú fi san owó ilé. O ní ẹ gbọ́dọ̀ dín agbára kù kí owó lè wálẹ̀, pé ojú àwọn òǹwòran wà lára ohun tó ń jẹ agbára, pé òun ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ, àti nínú èyí tí ẹ ó tà àti nínú èyí tó wà lọ́wọ́ wa, pé àtúnṣe náà á gba afẹ́fẹ́ wá bá a nílé. O ní kí n sọ èrò mi.

Èrò mi ni pé mo ti fi aṣọ dí gbogbo fèrèsé pálọ̀. Mo fi ọ̀rá dí ihò kọ́kọ́rọ́. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, àmọ́ afẹ́fẹ́ kankan kò wọlé láti ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. N kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí mi. Ẹ dín agbára kù, ṣùgbọ́n ẹ wá ibòmíràn dín in sí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yín ń làágùn. Ta ló fẹ́ fi owó ra òógùn? Ẹ nù ún kúrò. Koríko pápá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ ṣe é, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ kò ní jẹ ẹ́. Ẹ fi ọ̀dà kùn ún lásán. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní agbábọ́ọ̀lù méje. Rẹfirí, ẹ lé e lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí owó kò bá tíì wálẹ̀, ẹ máa tà á láìní páálí, kí oníkálukú mú àpò wá látilé. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ta ló mọ iye ilé tí wọn yóò ti rí ẹni wọn níbẹ̀ tí wọn kò ní lè sọ?

Ohun tó mú mi yára kọ̀wé nìyí. Lánàá, ní ìrọ̀lẹ́, mo tan ẹ̀rọ, màmá yín ti sún wálẹ̀. Ìlà iwájú ló wà báyìí. Gbogbo ibẹ̀ kún fọ́fọ́, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ṣófo, ó sì gbé ọwọ́ lé e, bó ṣe máa ń gbé ọwọ́ lé àga ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo bá pẹ́, tí á máa sọ fáwọn èèyàn pé ẹnì kan ń bọ̀. Obìnrin kan fẹ́ jókòó síbẹ̀. Màmá yín mi orí fún un.

Tèmidire sunkún. Ó ní kí a yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná, kí a dá a padà fún ọ. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó epo ránṣẹ́ kíákíá. Má san án sí báńkì mi, nítorí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń bi mí ní orúkọ ìyá mi kí wọ́n tó fún mi lówó mi, n kò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Tèmidire ni kí o san án fún. Fi owó bàtà kún un, ẹsẹ̀ kan lára èyí tí mo ní ti lanu, kò sì yẹ kéèyàn wọ irú rẹ̀ lọ sáàárín èrò.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Ara mi le, n kò sì kánjú. Ìrìn náà kò bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí ẹ má lọ yọ ojú gbogbo wọn kí n tó dé, kí n wá dúró láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò lójú, kí n má mọ ẹni tí n ó jókòó tì.

Ọlọ́run yóò bá ọ ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ìwọ kò ní wá ẹni rẹ tì láàárín èrò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jayéọlá.