Ìyá Wa Hilda Rimmer àti Aago Fàdákà Tí Wọ́n Fi Dán Ọkọ Wọn Wò

Ìlú Prescot ní Lancashire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti bí ìyá wa, Hilda Rimmer, lọ́dún 1931, sí ilé Enoch Halsall, oníṣẹ́ aago, ọmọ oníṣẹ́ aago, ọmọ-ọmọ oníṣẹ́ aago. Ìró aago ni ọmọ ilé yẹn kọ́kọ́ ń gbọ́ kó tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ìyá wa parí ẹ̀kọ́ lọ́dún 1945, wọ́n sì jókòó ti bàbá wọn nídìí iṣẹ́.

Lọ́dún 1953, Cyril Rimmer, tó ń gbé mílíìkì kiri ojúlé, wá tọrọ wọn. Bàbá Halsall kò gbà, wọn kò kọ̀. Wọ́n na aago àpò fàdákà tí bàbá-bàbá wọn fọwọ́ ṣe sí i, tòun ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: "Máa tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ Àìkú. Tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, a máa sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ tó ń gbé àpótí mílíìkì bá yí kọ́kọ́rọ́ náà sí ọ̀tún. Aago àtijọ́ bẹ́ẹ̀, òsì là ń yí i sí! Eyín irin kan kán nínú rẹ̀. Cyril sáré tọ ìyá wa lọ, ojú rẹ̀ funfun ju ọjà rẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni ìyá wa gé, tí wọ́n fi ṣe eyín tuntun, aago sì ń dún.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nídìí tíì nílé, Bàbá Halsall ṣí aago, wọ́n wò ó títí tíì fi tutù.

"Ta ló fọwọ́ kan inú ẹ̀?"

Ìyá wa tẹ Cyril lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Hilda, ẹsẹ̀ mi lò ń tẹ̀ yẹn o. Èmi ni mo bà á jẹ́, sà. Òun ló tún un ṣe."

"Ọ̀dẹ̀! A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yege!" ni ìyá wa wí.

"Ọkùnrin méjì ló ti gbé e lọ ṣáájú ẹ," ni Bàbá Halsall wí. "Ọ̀tún ni gbogbo yín ń yí i sí. Àwọn tọ̀hún purọ́ pé bí mo ṣe fún wọn ló rí. Cyril, lọ ra òrùka."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, Cyril fi aago náà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀: "Èmi ò fọwọ́ kàn án mọ́ láé." Ìyá wa jogún iṣẹ́ bàbá wọn, wọ́n sì ń tún aago àwọn opó ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n sùn nínú Olúwa lọ́dún 2019. Ọkọ wọn, àwa ọmọ wọn Norman àti Joan, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin ló gbẹ̀yìn wọn. Nígbà tí a ní ká fi aago náà sínú pósí, bàbá wa Cyril figbe ta: "Ẹ tún fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un? Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi sinmi!"

Ẹ sùn fọnfọn, ìyá wa. Ohùn Olúwa nìkan ni kó jí yín.