Iṣu Ta Ni Yóò Wà Nísàlẹ̀?

Ìwàrò-Ọ̀kà, Àkókó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Bọ̀dá Stephen, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, pé Àǹtí Grace àti Ìtùnú náà ń gbádùn. Orókún Bàbá ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò rọ̀.

Ẹ ní kí n wá gba iṣẹ́ ẹnu géètì tí ẹ bá mi rí ní Èkó. Mo ṣèlérí pé bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ iṣu bá bàjẹ́, ẹ ó rí mi. Bó ṣe lọ nìyí.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ti lọ tán. Iṣu Ọ̀kà nìkan kò lè kún ọkọ̀ mọ́, ti Ìkun tó múlé gbè wá náà nìkan kò lè kún un. Alhaja Nusrat tó ń rà á ní Ìkàrẹ́ ní ọkọ̀ òun kò ní wá gbé àbọ̀ ẹrù mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwa àti Ìkun fi gbà láti da iṣu wa pọ̀. Alhaja ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa dán wa wò.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ dé sí pápá iléèwé wa. Àwọn Ìkun ti kó tiwọn dé kí oòrùn tó yọ. Ni Bàbá wa bá dìde, wọ́n ní: "Ọ̀kà ni ẹ̀gbọ́n. Iṣu Ọ̀kà ni yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀." Àwọn àgbà wa hó yèè. Màmá Christiana, tó ṣáájú àwọn Ìkun, rẹ́rìn-ín: "A gbà, Bàbá. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń wà nísàlẹ̀. A ó rọra jókòó lé ẹ̀gbọ́n wa lórí."

Bàbá yí ohùn padà, wọ́n ní kí Ìkun máa kó tiwọn wọlé. Àwọn náà kọ̀. Wọn ò fẹ́ kí iṣu wọn fọ́ nísàlẹ̀ tiwa. Oòrùn kan àtàrí, kò sẹ́ni tó gbé iṣu kan. Raheem awakọ̀ bá ṣáná sí ọkọ̀. Ó ní: "Ẹ máa bá ìjà yín lọ o, ẹ̀yin òbí mi. Èmi ń padà sí Ìkàrẹ́."

Mo gun ọkọ̀. Iṣu Bàbá gan-an ni mo kọ́kọ́ gbé sórí pákó lásán. Wọ́n jágbe mọ́ mi: "Caleb, sọ iṣu mi kalẹ̀!" Mi ò sọ ọ́. Mo ní: "Bàbá, bó bá fọ́, tiwa ló fọ́. Bí ọkọ̀ yìí bá lọ lófìfo, Èkó ni mò ń lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa ṣílẹ̀kùn ilé wa, ẹ̀yin náà lẹ ó máa tì í." Mo rò pé Bàbá yóò ṣẹ́ èpè fún mi ni.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní: "Òpònú, ṣé bí wọ́n ṣe ń to iṣu nìyẹn? Koríko tí a ó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ dà?" Àwọn fúnra wọn ló ń na koríko gbígbẹ sí mi. Ọ̀kà tẹ́ ìpele kan, Ìkun tẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e, títí ọkọ̀ fi kún.

Alhaja ti ránṣẹ́ pé ọkọ̀ ń padà bọ̀. Nítorí náà, ẹ fún ẹlòmíì ní iṣẹ́ géètì yẹn. Bàbá kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná mo bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń sá koríko.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín níbi tí ẹ wà, kí ọ̀nà ilé má ṣe dí mọ́ yín.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbọ́ràn,
Caleb.

Ohun tí mo gbàgbé: Màmá Christiana ní kí a fún Ìkun ní yàrá yín tí ẹ tì pa, kí wọ́n máa kó iṣu sí i de ọkọ̀. Bàbá gbọ́, wọn ò sọ pé rárá. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ wá sí Ìkàrẹ́. Bí mi ò bá rí i, màá já àgádágodo náà. Ẹ mọ̀ mí.