Màmá Kí-ló-fà-á àti Èémí Tí Ó Sọnù Nínú Orin

Inú yàrá kan tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe ni a ti bí Màmá wa ní oṣù kẹta ọdún 1949. Bàbá wọn, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ni ó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Aránṣọ ni ìyá wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, nítorí náà ilé ọ̀hún kì í dákẹ́. Màmá ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́rin. A gbọ́ pé wọn kò tètè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu wọn là, ìbéèrè ni wọ́n fi là á. Wọn kò béèrè bí èèyàn ṣe wọ inú rédíò, èyí tí gbogbo ọmọdé máa ń béèrè. Wọ́n ní, "Bàbá, tí ẹ bá pa á, níbo ni ohùn ẹni yẹn ń lọ?" Bàbá wọn ní ó kàn ń dákẹ́ ni. Ọmọ ní, "Kí ló fà á?" Kí-ló-fà-á ni gbogbo àdúgbò ń pe Màmá láti ìgbà náà, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ wọn lára ju èyí tí a fi kó wọn jáde lọ.

Ní ọdún 1955 ni wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1967. Olùkọ́ ìṣirò wọn sọ fún àwọn òbí wọn pé orí ọmọ yìí pé, àfi pé ó ń fi ìbéèrè dá kíláàsì dúró. Ìmọ̀ ìṣirò náà ni wọ́n lọ kà ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n jáde ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù gbà wọ́n síṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wádìí ohun tí ó ń ṣe ohùn èèyàn nígbà tí ó bá ń gba inú wáyà kọjá.

Ní ọdún 1975 ni wọ́n fẹ́ Bàbá wa, olùkọ́ orin àti aṣíwájú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe orin ni ó gbé Màmá lọ síbi ìfidánrawò ẹgbẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti pàdé o. Wọ́n lọ béèrè ohun tí ó fà á tí ohùn ogójì èèyàn fi lè dún bí ohùn ẹnì kan. Bàbá máa ń sọ pé ìdáhùn rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi oṣù mẹ́fà ṣàlàyé rẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1991, Màmá fi iṣẹ́ tẹlifóònù sílẹ̀. Àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kọ̀ǹpútà tí a lè fi gba orin sílẹ̀, kí a sì tún un tò, nínú pálọ̀ wa. Ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí ẹgbẹ́ akọrin èyíkéyìí tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kan àti máìkì kan lè ṣe àwo orin nínú ilé ara rẹ̀.

Ojú wọn rí nǹkan. Ohùn ni ó kọ́kọ́ ń pẹ́ lọ́nà: akọrin á kọrin tán kí ó tó gbọ́ ara rẹ̀ nínú ohun tí ó fi sétí. Á máa dúró de ohùn rẹ̀, orin á sì máa wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ọdún bíi mélòó kan lọ sórí ìdádúró yìí nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ariwo: fáànù, ajá aládùúgbò, fìríìjì. Tí Màmá bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, wọn á pa fìríìjì. Tí wọ́n bá gbà á tán, wọn á gbàgbé àtitàn án padà. Ẹran tí ó bàjẹ́ nílé wa nítorí iṣẹ́ orin, Ọlọ́run nìkan ló mọye. Màmá wá kọ ohun tí wọ́n pè ní Ìgbálẹ̀ sínú ètò náà. Ìgbálẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ́tí sí bí yàrá òfìfo ṣe ń dún, lẹ́yìn náà á gbá gbogbo ohun tí ó bá jọ ọ́ kúrò nínú orin.

Ní ọdún 1997, àìsàn ọ̀fun kọ lu Bàbá. Dókítà sọ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ yóò gba ẹ̀mí wọn là, ṣùgbọ́n yóò mú ohùn wọn lọ. Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, Bàbá wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ, nítorí ohùn kì í dún padà níbẹ̀. Wọ́n dúró sáàárín kóòtù àti agbádá, wọ́n sì kọ gbogbo orin tí wọ́n ti fúnra wọn ṣe láti ìgbà èwe sínú máìkì. Ohùn tí ó kù fún àwa ọmọ àti àwọn ọmọ wa nìyẹn.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí ó tẹ̀ lé e bí ó ṣe rí, nítorí Màmá fúnra wọn kò fi bò rí. Àyè inú kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò tó nǹkan. Màmá ti ṣètò pé bí Ìgbálẹ̀ bá ti fọ ohùn kan mọ́, kí èyí tí ó mọ́ rọ́pò ti àkọ́kọ́, kí àyè má baà ṣòfò. Wọ́n máa ń fi ọgbọ́n yìí yangàn fún àlejò. Nígbà tí Bàbá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, Màmá kó gbogbo orin wọn gba inú Ìgbálẹ̀ kọjá, kí wọ́n lè bá a nílé ní mímọ́.

Bàbá padà sílé láìlóhùn. Àwọn akọrin wá láti gbe orin náà. Wọ́n fi nǹkan sétí, ohùn Bàbá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì dàrú. Ọ̀kan ti wọlé, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lanu, ẹ̀kẹta ti kọjá lọ. Ẹnjiníà ní ìdádúró ti padà dé. Màmá wọ̀n ọ́n, kò sí ìdádúró kankan. Ìyá kan nínú àwọn elégbè ní, "A mọ orin yìí bí ẹní mọ orúkọ ọmọ ẹ̀. Ìgbà tí Bàbá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an la ò mọ̀. Wọ́n kàn ń já lù wá ni."

Kí ló fà á? Màmá tẹjú mọ́ àwòrán ohùn náà lójú kọ̀ǹpútà. Láàárín ìlà orin kan àti èkejì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Bàbá kò mí níbì kankan. Etí kọ̀ǹpútà gbọ́ èémí bí ìgbà tí yàrá òfìfo ń dún, Ìgbálẹ̀ sì ti gbá a dànù. Èémí yẹn ni ogójì èèyàn fi ń mọ̀ pé ó yá. Màmá tú gbogbo díìsìkì inú ilé, wọ́n tú ti Ẹnjiníà. Ohùn àkọ́kọ́ kò sí mọ́, ọ̀fun tí ì bá tún un kọ sì ti lọ. Wọ́n lọ jókòó sí kíṣíìnì, wọ́n sunkún. A kò rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí, ẹ̀rù sì bà wá gidi.

Ẹnjiníà ní kí wọ́n ta ètò náà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn oníbàárà ti ń dúró. Èmi ò lè máa fi afẹ́fẹ́ ṣòwò." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Bàbá, ẹni tí síléètì ti di ẹnu wọn, kọ nǹkan, wọ́n gbé e síwájú Màmá lórí tábìlì: "Ṣé èémí ló sọnù? Mo ṣì ní i."

Bàbá padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan: bí wọ́n ti ń gbọ́ orin ara wọn láìsí èémí, àwọn gan-an kò mọ ìgbà tí àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá ló wá dúró níwájú wọn, ojú lára àwòrán, ọwọ́ lókè. Bí ọwọ́ bá ti sọ̀ kalẹ̀, Bàbá á fa èémí sínú níwájú máìkì, Màmá á sì fi í sí àyè rẹ̀ nínú orin. Báyìí ni wọ́n ṣe é, orin kan tẹ̀ lé òmíràn. Èémí náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó le, ó sì ń súfèé díẹ̀. Màmá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn akọrin padà wá, Bàbá mí nínú orin, gbogbo wọn sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá elégbè yẹn bú sẹ́kún, orin kò sì dúró. Ẹnjiníà gbọ́ ọ, ó gbé báàgì rẹ̀ padà wá, ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa ta afẹ́fẹ́ náà."

Ọdún 1999 ni ètò náà tó jáde, ó pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣèlérí lọ. Ètò náà kì í pa ohùn àkọ́kọ́ rẹ́, bí àyè ti wù kó kéré tó, Ìgbálẹ̀ rẹ̀ kì í sì í fọwọ́ kan èémí àyàfi tí a bá bẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ni ó fi ṣe àwo orin nínú pálọ̀ wọn.

Onígbàgbọ́ ni Màmá. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ni ìjókòó wọn. Wọ́n máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwàásù. A ti rí pásítọ̀ tí ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní kọ̀ǹpútà ní gáréèjì wa, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọkàn Màmá dá iṣẹ́ dúró ní oṣù tó kọjá. Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé lọ, àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, àwa ọmọ mẹ́ta: olùkọ́, káfíńtà, àti àbíkẹ́yìn tí ó jogún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kan rèé. Orin ìkẹyìn tí a ó fi sin Màmá jáde kò ní ní dùùrù, ẹnikẹ́ni kò sì ní ka ení, èjì fún wa láti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ni yóò dúró níwájú. Wọn kò lè pe orúkọ ìyàwó wọn, wọn kò sì lè dágbére fún un. Ẹ dákẹ́, ẹ tẹ́tí. Tí ẹ bá ti gbọ́ tí wọ́n mí, kí gbogbo wa jọ gbé e.

Màmá, ẹ sùn ire. Bàbá ṣì ní i.