Ọmọ Ọjọ́ Mẹ́rin Nínú Ìwé Owó Orí

Màámi,

Ara wa le, ẹ má ṣèyọnu. Àná la lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ostrander tó ń bá wa kọ ìwé owó orí. Ó bá mi wí pé mò ń ju rìsíìtì nù, pé owó epo ọkọ̀ tí mo fi ń gbé kéèkì tí mò ń tà kiri pàápàá ń dín owó orí kù. Mo rẹ́rìn-ín.

Ó wá bi wá pé, "Ọmọ mélòó?"

Mo ní, "Kò sí."

Ọkọ mi ní, "Ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò."

Ọ̀gbẹ́ni Ostrander ní, "Ọmọ tó bá ti mí lẹ́yìn ìbí, ìbáà ṣe ọjọ́ kan, odidi ọdún ni òfin kà á sí, ó sì ń dín owó orí kù. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, a ò dárúkọ ẹ̀ rí. Èmi ni mo dáhùn: "Linnea."

Yìnyín ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má tíì wá. Royce ọkọ mi kí yín. Linnea náà kí yín.

Ọmọ yín,
Corinne